Alùpùpù Tó Ń Kú Lẹ́sẹ̀ Òkè

Ó tún kú. Ibi tó kú sí lọ́jọ́ ọjà tó kọjá náà ló tún kú sí, lẹ́sẹ̀ òkè tí wọ́n ń gùn láti Agbonou wọ Atakpamé, níwájú àwọn tó ń ta àgbàdo sísun. Ó wúkọ́, ó tu èéfín, ó dákẹ́. Oyin kò tilẹ̀ dúró kí ọkọ rẹ̀ wí nǹkan kan. Ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn alùpùpù náà, ó gbé agbọ̀n wàrà rẹ̀ sórí koríko, ó káwọ́ lérí.

"Ó kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ ni." Fáníyì, ọkọ rẹ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ó fẹ́ sinmi! Iṣẹ́ wo ló ṣe? Ṣé ó roko ni, àbí ó gúnyán?"

"Oyin, jọ̀ọ́, rẹ ohùn sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò wá! Ṣé òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò wá ni?"

Fáníyì ti jókòó ti ẹ̀rọ náà lórí òkúta kan, ó ń kí àwọn tó ń kọjá bí ẹni tó ń gbatẹ́gùn níwájú ilé bàbá rẹ̀. Bí ẹnìkan bá bi í pé ṣé kò sí o, á ní kò sí, àwọn ń dúró de ẹnìkan ni. Irọ́ gbuu. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń dúró dè kó tutù. Inú Oyin gbóná ju ẹ̀rọ náà lọ, torí ó mọ ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ òun bí oòrùn ṣe ń gòkè yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà, kí ẹ lè bá a bínú dáadáa. Ọmọ Ifẹ̀ ti ilẹ̀ Tógò ni Oyin. Abúlé kan lẹ́yìn Datcha ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ti lọ́kọ. Wàrà ló ń tà. Á rà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, á sè é pẹ̀lú poroporo ọkà bàbà títí á fi pọ́n dáadáa, á tò ó sínú agbọ̀n, á sì gbé e lọ sí ọjà Atakpamé ní kùtùkùtù, torí àwọn olóńjẹ tó ń rà á kì í dúró de oòrùn. Ó pẹ́ tó ti ń kiri. Agbọ̀n lórí, ọmọ lẹ́yìn, oòrùn lókè. Kò sí kòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀ nínú ìlú yẹn. Nígbà tó yá ni Alájà Àwẹ̀ní ṣàánú rẹ̀.

Alájà Àwẹ̀ní ni olórí àwọn obìnrin tó ń tajà lábẹ́ òrùlé páànù tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Ìlọrin ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Atakpamé ni wọ́n bí òun sí, ohun tó bá sì sọ lábẹ́ páànù yẹn, abẹ gé e. Òun ló fún Oyin ní àyè lẹ́nu ọ̀nà gan-an, níbi tí èèyàn kò ti lè wọ ọjà kó má rí i. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ ẹ́: kó má jẹ́ kí àyè náà ṣófo láàárọ̀. Àyè tó bá ṣófo láàárọ̀ lọ́jà dà bí omidan tó rẹwà, àwọn tó ń tọrọ rẹ̀ kì í tán.

Torí àyè yẹn ni wọ́n ṣe ra alùpùpù. Oyin fi owó wàrà tirẹ̀ kún owó ọkọ rẹ̀, kí ó lè máa tètè dé ọjà. Ẹ gbọ́ ná o: kí ó lè máa tètè dé ọjà!

Elavagnon ni Fáníyì ti rí i rà, lọ́wọ́ télọ̀ kan tó ń jẹ́ Ignace. Oyin bá a lọ. Ìṣojú rẹ̀ ni, etí rẹ̀ méjèèjì ló fi gbọ́ ọ. Ignace ti alùpùpù náà jáde síta, ó nù ún, ó sì dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

"Fáníyì, mi ò ní tàn ẹ́," ó ní. "Ẹ̀rọ yìí lárùn. Bó bá ti gbóná, tó sì kan òkè, á kú. Bó bá sì kú, kò sóhun tó o lè ṣe sí i, àfi kó o jókòó tì í títí á fi tutù. Mẹkáníìkì ti tú u, ó ti tún un dè, bákan náà ló ń ṣe. Bó o bá fẹ́ máa fi lọ oko lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó dára. Òkè ni kì í gùn."

Ṣé ó tún ku ohun tí ọmọ aráyé lè sọ? Ṣùgbọ́n Fáníyì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń mi orí bí ẹni tó mọ nǹkan tí àwọn yòókù kò mọ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní ìhà ibẹ̀, èèyàn kì í yin ohun tó ní. Àgbẹ̀ tí iṣu rẹ̀ kún ọgbà á ní èyí tí òkété jẹ kù ni ẹ̀ ń wò yẹn. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ sanra, tí ara ọmọ ń dán, á ní "ẹ wo ọmọ burúkú yìí, kì í tilẹ̀ jẹun." Ojú ayé ni wọ́n ń sá fún. Ẹni tó bá ń yin nǹkan rẹ̀ láàárín èèyàn, wọ́n á ní orí rẹ̀ kò pé, tàbí pé olè ni. Nítorí náà, bí Ignace ṣe ń ka àrùn ẹ̀rọ náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń níyì sí i lójú Fáníyì.

Ó fa Oyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń bú u? Ohun gidi ni! Kò fẹ́ kí ojú wọ̀ ọ́ ni."

"Ó jọ pé òótọ́ ló ń sọ o."

"Òótọ́ wo? Ta ló ń tajà tó ń sọ òótọ́ lé e lórí?"

Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n Fáníyì ṣe èyí tí àwọn àgbà kò rí rí: wọ́n gbé òtítọ́ fún un lófẹ̀ẹ́, ó fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di èké, ó wá kówó sílẹ̀, ó rà á. Ignace tún ọ̀rọ̀ náà sọ nígbà tó ń fún un ní kọ́kọ́rọ́. Fáníyì tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Ignace wo Oyin, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀yin ti gbọ́ o."

Ó gbọ́. Ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ kú lẹ́sẹ̀ òkè, Oyin ní kí ọkọ rẹ̀ dá a padà fún Ignace. Fáníyì fò sókè. Dá a padà kẹ̀? Ohun tí wọ́n ti gbé síwájú Ògún ilé wọn, tí wọ́n ti ta epo pupa sí ẹsẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ti pa àkùkọ fún, tí gbogbo àgbà ilé ti súre lé lórí? Kí ni òun fẹ́ lọ sọ fún Ògún?

"Sọ fún un pé wọ́n kìlọ̀ fún ẹ, o ò gbọ́," ni Oyin wí.

"Ta ló kìlọ̀ fún mi?"

Ẹ tún gbọ́ ná! Bí ó bá jẹ́ pé Fáníyì gbà pé òun ṣe àṣìṣe, Oyin ì bá fọwọ́ wọ́nú. Ta ni kì í ṣe àṣìṣe? Ṣùgbọ́n kò gbà. Lójoojúmọ́ ni yóò rí nǹkan tó fà á. Epo ni. Ooru ni. Wàrà ló wúwo jù. Ọjọ́ tó sọ pé wàrà ló wúwo jù yẹn, Oyin kò bá a sọ̀rọ̀ títí ọjà mìíràn fi pé. Kò jẹ́ kí wọ́n ti ẹ̀rọ náà gun òkè, ó ní ọkùnrin kì í ti alùpùpù rẹ̀ lójú gbogbo Agbonou. Kò sì jẹ́ kí Oyin wọ sẹ́míjàn, àwọn alùpùpù tó ń kérò, ó ní kí ni ayé máa sọ bí wọ́n bá rí ìyàwó ẹni tó ní alùpùpù lẹ́yìn ọkùnrin mìíràn. Wọ́n á jókòó. Oòrùn á gòkè. Àwọn olóńjẹ á ti ra wàrà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó pẹ́, Alájà Àwẹ̀ní bi í pé kí ló dé. Oyin rò ó wò. Báwo ni obìnrin ṣe máa dúró láàárín ọjà, kó máa sọ pé wọ́n kìlọ̀ fún ọkọ òun, kò gbọ́? Ọkọ ni aṣọ tó bo òun. Ló bá ní, "Alájà, ìyá ọkọ mi ni ara wọn ò yá."

"Yéè! Kí ló ń ṣe wọ́n?"

"Ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ wọn wú."

Ibi tó ti rí ẹsẹ̀ yẹn mú, òun náà kò mọ̀. Ìyá Fáníyì, Màmá Ọ̀ṣuntókí, tó ń gbé Agbonou, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ la igi ìdáná, tó sì ń rù ú lọ tà! Ẹsẹ̀ rẹ̀ le ju ti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n irọ́ tí èèyàn bá ti bí, òun náà ló máa bọ́ ọ. Nígbà tí Oyin tún pẹ́, ẹsẹ̀ ti wú dé orúnkún. Nígbà tó tún pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, Màmá kò lè dìde nílẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá ń sọ ọ́ ni àyà rẹ̀ ń já, torí a kì í fẹnu ara ẹni dá àgbà dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, Alájà wò ó títí, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Oyin, a gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí." Láti ọjọ́ náà ni Oyin kò ti sùn dáadáa. Ó mọ̀ pé àyè òun ti fẹ́ẹ́ lọ.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ó káwọ́ lérí lẹ́sẹ̀ òkè láàárọ̀ yìí.

"Fáníyì, jẹ́ ká tì í."

"Ó ti ń tutù. Mú sùúrù."

"Àyè mi ti fẹ́ẹ́ lọ, o ní kí n mú sùúrù? Wọ́n sọ fún ẹ, Fáníyì. Ignace sọ fún ẹ lójú mi!"

"Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ òótọ́."

Oyin wò ó. Lẹ́yìn náà ló gbé agbọ̀n rẹ̀, ó bọ́ sójú títì, ó sì na ọwọ́ sí sẹ́míjàn àkọ́kọ́ tó rí. Elvis ni orúkọ ẹni tó wà á, ọmọ Agbonou tó mọ Fáníyì dáadáa. Ó wo ọkọ, ó wo ìyàwó, ó kọ́kọ́ ṣiyèméjì.

"Kí lò ń wò? Gbé mi!" ni Oyin pariwo. Elvis gbé e. Fáníyì dìde lórí òkúta rẹ̀, ó ń pè é, "Oyin! Oyin o!" Kò wẹ̀yìn.

Nígbà tó dé ọjà, oòrùn ti yọ dáadáa, tábìlì ẹlòmíràn sì ti wà ní àyè rẹ̀. Obìnrin kan ti to tòmátì sórí rẹ̀ ní òkìtì òkìtì. Kí Oyin tó sọ̀rọ̀, Alájà Àwẹ̀ní ti dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ìgbà tí wọ́n ń kí ọlọ́fọ̀. Gbogbo àwọn obìnrin abẹ́ páànù dìde pẹ̀lú rẹ̀.

"Oyin, ẹ kú ìtọ́jú ìyá," ni wọ́n ń wí. "Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà."

Alájà gbé àpò ọ̀rá kan lé e lọ́wọ́. Mílíìkì wà nínú rẹ̀, ṣúgà wà níbẹ̀, ọsàn, àti òrí nínú ìgò tí wọ́n á fi máa ra ẹsẹ̀ Màmá. Gbogbo wọn ló dá a. Alájà ní Sùnmọ́nù, ọkọ òun, tilẹ̀ ti ní kí wọ́n ṣe àdúà fún Màmá ní mọ́ṣáláṣí láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní irọ́ a máa tanná, kì í so. Ti Oyin so o. Ó so mílíìkì àti ṣúgà.

"Èèyàn kì í ní ìyá méjì," ni Alájà ń sọ. "Lọ jókòó tì wọ́n. Kí ọkàn rẹ má bàa pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, mo ti fi àyè rẹ fún ìyàwó Philippe, ẹni tó to tòmátì yìí. Ó ti ń bẹ̀ mí tipẹ́. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, kò sí ìjà níbẹ̀. Ìwọ ṣáà máa tọ́jú ìyá."

Oyin dúró. Agbọ̀n wà lórí rẹ̀, àpò ọ̀rá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ọpẹ́ ni kó dú ni, àbí ẹkún ni kó sun? Ká ní wọ́n bú u, ká ní wọ́n lé e, ì bá mọ bó ṣe máa dáhùn. Àánú ni wọ́n fi gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà tí ariwo fi sọ lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Alùpùpù kan ló ń bọ̀ tí kò dún. Fáníyì ló ń fà á níwájú, òógùn bò ó. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá arúgbó kan ti ká ìró sókè, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ìjókòó ẹ̀rọ náà, ó sì ń tì í tagbáratagbára. Màmá Ọ̀ṣuntókí ni.

"Ta ni ń jẹ́ Alájà níbí?" Màmá kò tilẹ̀ sinmi. "Ìwọ ni? Jọ̀ọ́, ọmọ mi, mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Má bínú sí Oyin. Kì í ṣe òun ló ń pẹ́. Ọmọ mi yìí ló lọ ra alùpùpù tó ń kú. Mo bá a lẹ́sẹ̀ òkè nínú oòrùn, ó jókòó bí ère. Mo ní ìyàwó rẹ dà, ó ní àyè rẹ̀ lọ́jà ti fẹ́ẹ́ bọ́. Mo ní dìde ká lọ bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun ò lè fi alùpùpù sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní ó yá, máa fà, èmi á máa tì!"

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Alájà wí. "Kí lẹ jẹ́ sí Oyin?"

"Èmi ni ìyá ọkọ rẹ̀."

Ìyàwó Philippe fi tòmátì rẹ̀ sílẹ̀, ó na ọrùn wo ẹsẹ̀ Màmá. Gbogbo wọn ló ń wò ó. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbẹ, wọ́n dúró ṣánṣán, erukù òkè Agbonou wà lára wọn títí dé orúnkún.

Alájà kò pariwo. "Màmá," ó ní, "ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ mi?" Màmá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó wo Alájà. Ó wá wo Oyin, ó rí àpò ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Àgbà kì í ṣe ọmọdé. Ló bá rọra gbé ara lé alùpùpù, ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan rọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. "Ẹsẹ̀ yìí ńkọ́... háà, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹwọ́ díẹ̀ fún mi."

Èyí ni Oyin kò lè gbà. Gbogbo nǹkan yòókù, ó ti rù ú. Ṣùgbọ́n kí ìyá arúgbó ti ẹ̀rọ gun òkè nítorí òun, kó tún wá máa tiro nítorí òun lójú ọjà? Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Irọ́ ni!" ó ní. "Ẹ má tiro, Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Alájà, mo purọ́. Ẹsẹ̀ wọn kò wú rí. Alùpùpù ló ń kú. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ ni."

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Ọ̀kan ní àdúà tí wọ́n ṣe ní mọ́ṣáláṣí ńkọ́, ṣé kí wọ́n lọ gbà á padà ni? Alájà gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

"Nítorí alùpùpù?" ó ní. "Oyin, nítorí alùpùpù lásán? Àbdùlmùmín ọmọ mi ń gba Datcha wá síbí ní gbogbo òwúrọ̀ ọjà, ọkọ̀ rẹ̀ á sì ṣófo. Ká ní o sọ òótọ́ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbólóhùn kan péré ni ǹ bá sọ fún un." Ó mirí. "Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi, mi ò lè kó o jẹ. Àyè ti di ti ìyàwó Philippe."

Ó gba àpò ọ̀rá náà lọ́wọ́ Oyin, ó gbé e fún Màmá. "Ẹ gbà, Màmá. Orúkọ yín la fi dá a." Màmá gbà á, ó dúpẹ́, ó súre fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kò wo ojú Oyin.

Fáníyì tẹ̀ síwájú. "Alájà, ẹ̀rọ yẹn ò burú tó bẹ́ẹ̀ o, epo tí wọ́n ń tà nísinsìnyí ni..."

Màmá yíjú sí i. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn wò ó ni. Fáníyì gbé ọ̀rọ̀ tó kù mì. Àwọn oníbàárà ti ń wọlé, àwọn obìnrin ti ń padà sídìí igbá wọn, ẹnikẹ́ni kò rí tiwọn rò mọ́. Fáníyì sún mọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Wọ́n sọ fún mi," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ignace sọ fún mi kí n tó rà á. Mo gbọ́ ọ dáadáa."

Oyin nìkan ló gbọ́. Ohun tó ti ń fẹ́ gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, ó sì ti to èsì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kàn, ọ̀rọ̀ gbígbóná lóríṣiríṣi, èyí tó máa dun Fáníyì dé egungun. Ó wá wọn, kò rí ọ̀kan sọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Wàrà sì ti ń gbóná nínú agbọ̀n. Ó sọ agbọ̀n náà kalẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀.

"Gbé agbọ̀n yìí," ó ní.

"Kí n gbé e lọ síbo?"

"Gbé e lé orí. Máa tẹ̀ lé mi."

Fáníyì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Màmá ti jókòó sórí alùpùpù, ó ń bó ọsàn, ó ní kí wọ́n máa lọ, òun á máa ṣọ́ ọ. Fáníyì bẹ̀rẹ̀, ó gbé agbọ̀n wàrà lé orí, ó sì tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ wọ inú oòrùn. Ẹ̀rín sọ lẹ́yìn wọn. Oyin kò dúró. Ó ń kígbe wàrà láti ojúlé dé ojúlé, bó ṣe máa ń ṣe láyé ìjọ́sí, títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà náà ló yíjú padà, ó wo ọkọ rẹ̀ lábẹ́ agbọ̀n.

"Ìwọ náà kígbe," ó ní.

Fáníyì kígbe.